Rhine ni àbí Bavaria, Black Forest àbí Harz: èwo lẹ máa kó èrò yín lọ ní Jámánì?

Tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ kó èrò lọ sí Jámánì nínú bọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní London ló gbé e lé yín lọ́wọ́, ì báà jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde iléèwé, ì báà sì jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò ló gbà yín síṣẹ́, ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ibo ló rẹwà jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí ló rẹwà, tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan torí ẹwà nìkan mi ò ní lè mú. Ohun tó máa ń ba ìrìnàjò jẹ́ ni màmá tí orúnkún ń dùn tí wọ́n lọ gbé síbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 300, tàbí dẹ́rẹ́bà tí wákàtí ẹ̀ tán nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì ṣì jìnnà, tàbí èrò tó ń di ẹrù tó ń tú ẹrù lálaalẹ́ títí tó fi sú wọn. Torí náà ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wá wo máàpù, fọ́tò á gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n rèé. Wákàtí dẹ́rẹ́bà ló ṣáájú. Òfin tó de àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Yúróòpù sọ pé wákàtí 9 péré ni dẹ́rẹ́bà kan lè fi wakọ̀ lójúmọ́, ó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó bá ti wà á fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ó gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45, tó bá sì dalẹ́ ó yẹ kó fi wákàtí 11 sinmi kó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀, wọ́n kàn lè gé e sí 9 lọ́jọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tachograph tó wà nínú mọ́tò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá Jámánì sì lè dá yín dúró lójú títì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ èyí, máàpù á yàtọ̀ lójú yín: láti London dé Koblenz létí odò Rhine ó tó bíi 600 kìlómítà, dẹ́rẹ́bà kan lè gbé e lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ bá tètè kúrò nílé. Black Forest tó bíi 800, Harz náà ò jìnnà sí iye yẹn, apá gúúsù Bavaria sì lé ní 1,000, ìyẹn ni pé ẹ máa sùn lójú ọ̀nà tàbí kẹ́ ẹ sanwó dẹ́rẹ́bà kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òkè àti àtẹ̀gùn, torí ọ̀pọ̀ ibi tó lẹ́wà ní Jámánì, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi tẹ́ àwọn ìlú àtijọ́ wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti kẹ̀kẹ́ arọ ò bá a rẹ́. Ìkẹta ni bóyá ẹ lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo títí ìrìnàjò fi máa parí. Owó ìwọlé àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe tí òjò bá ń rọ̀ látàárọ̀ ló kẹ́yìn, ẹ má fojú di tòjò yẹn o, òjò kì í mọ̀ pé ẹ ti sanwó.

Rhine àti Moselle

Láti Bingen àti Rüdesheim dé Koblenz ni apá ibi tó gbayì jù lára Rhine, nǹkan bíi kìlómítà 65, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti 2002. Ìdí tí mo fi máa ń dárúkọ ẹ̀ ṣáájú fáwọn àgbàlagbà ni pé ìjókòó lèèyàn fi ń wò ó. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ jókòó sídìí tábìlì, tíì wà níwájú yín, àwọn ilé olódi àtijọ́ á máa kọjá lórí òkè lọ́tùn-ún lósì, oko àjàrà wà lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè débi tẹ́ ẹ ó fi máa ṣe kàyééfì bí wọ́n ṣe ń dúró kórè ẹ̀, ẹ ó kọjá lábẹ́ àpáta Loreley tó ga tó mítà 132 níbi tí odò ti fún tó sì ṣẹ́ kọ́nà. Kò sẹ́ni tó gun àtẹ̀gùn kan.

Ohun kan wà tẹ́ni tó ń kó èrò gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀. Láti Koblenz títí dé Mainz kò sí afárá kankan tí mọ́tò lè gbà sọdá Rhine, férì nìkan ló wà. Tẹ́ ẹ bá já èrò sínú ọkọ̀ ojú omi ní Rüdesheim tẹ́ ẹ wá ní kí bọ́ọ̀sì pàdé yín ní St. Goar, òdìkejì odò nìyẹn, dẹ́rẹ́bà máa lọ tò sídìí férì, èrò á dúró sínú oòrùn tàbí òjò. St. Goarshausen ni kẹ́ ẹ ti sọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni pẹ̀lú Rüdesheim, ọ̀nà B42 ló máa gbà tààrà. Ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ pé bí omi ṣe ń ṣàn lẹ ń bá a lọ, ìyẹn láti Rüdesheim wá sísàlẹ̀, torí tọ́kọ̀ bá ń dojú kọ omi ó máa ń pẹ́ gan-an, àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Tí ibùdó tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ̀ bá ku díẹ̀, ẹ ti kó èèyàn yín dìde. Ọkọ̀ yẹn ò ní í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ níbùdó. Ọmọ ọkọ̀ á ju okùn sára òpó irin, á fà á le, á gbé pákó sílẹ̀, ó ti ń juwọ́ sí yín nìyẹn pé kẹ́ ẹ máa bọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ wọlé náà ti dúró lókè tí wọ́n ń fẹsẹ̀ jó. Àwọn tó ní ọ̀pá ni kẹ́ ẹ tò síwájú, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo abẹ́ tábìlì torí báàgì àti ìbòrùn máa ń kù síbẹ̀.

Ibi tí Rhine ti kù díẹ̀ káàtó ni alẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì, àwọn tó ń kó ẹrù sì ń kọjá lóru, ariwo ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Yàrá tó kọjú sódò tí wọ́n máa fi ń polówó hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, òun gan-an ló máa ń sún mọ́ irin jù. Ojútùú tèmi ni pé kẹ́ ẹ lọ sùn sétí Moselle, odò tó ṣàn wọnú Rhine ní Koblenz, kẹ́ ẹ wá máa wo Rhine lójúmọmọ. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Bullay tẹ́ ẹ ń lọ sápá Bernkastel-Kues, ojú irin ti fi odò sílẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ á pa rọ́rọ́. Cochem náà dáa, ilé olódi kan wà lórí òkè ẹ̀ táwọn ọmọ ogun Faransé dáná sun ní 1689 tí wọ́n tún kọ́ padà láàárín 1868 sí 1877. Trier tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ géètì Porta Nigra sí, ẹ lè lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní Koblenz, ọkọ̀ orí wáyà kan wà tó ń gbé èèyàn sọdá Rhine lọ sí odi Ehrenbreitstein, àgọ́ ẹ̀ fẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ ń wọlé geerege. Ti Rüdesheim kéré, èèyàn méjì méjì ló ń gbà, tẹ́ ẹ bá ní èrò 45 ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Marksburg nìkan ni mi ò ní gbé orúnkún tó ń dùn lọ, òun ni ilé olódi orí òkè kan ṣoṣo ní agbègbè yẹn tí ogun ò wó rí, ìyẹn náà ló fà á tí ilẹ̀ ẹ̀ fi rí gbágungbàgun bó ṣe wà látijọ́.

Owó ẹ̀ wà láàárín, kò wọ́n bíi Bavaria. Láti May dé September wọ́n máa ń ṣe Rhein in Flammen, iná aláwọ̀ mèremère lórí omi lóríṣiríṣi ìlú, ó dùn ún wò ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì máa ń kún ọjọ́ yẹn, ẹ tètè bèèrè déètì. Nígbà ìkórè àjàrà, àjọ̀dún wáìnì ni gbogbo abúlé Moselle, tó bá jẹ́ ìjọ tí ò fẹ́ rí ọtí lẹ kó dání, May tàbí June ni kẹ́ ẹ lọ. Nígbà òtútù tí odò bá kún, ọkọ̀ ojú omi kì í ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ gbé e kúrò lọ́kàn.

Black Forest

Igbó ńlá, òkè tó rọra ga, ilé oko tí òrùlé ẹ̀ bò ó wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo máa ń darí síbẹ̀. Ohun tí mo gbé sókè jù nínú ọ̀rọ̀ Black Forest ni káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Konus: àlejò tó bá sùn sí ìlú tó wà nínú ètò yìí máa gbà á lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, owó ẹ̀ ti wà nínú owó orí àlejò tẹ́ ẹ ń san lálaalẹ́, wọ́n á fi wọ bọ́ọ̀sì ìlú àti ọkọ̀ ojú irin agbègbè náà láìsan kọ́bọ̀ mọ́. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá gbọ́dọ̀ sinmi, ẹ ò ní í jókòó lásán. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Titisee tàbí Hinterzarten, ó máa gba àárín àpáta Höllental sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Freiburg, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ilé ìṣọ́ ẹ̀ ga tó mítà 116, ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn láàárín ìgboro, ẹ padà wá jẹun alẹ́. Kò sí ibòmíì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó rọrùn bẹ́ẹ̀ láìlo bọ́ọ̀sì yín.

Titisee fúnra ẹ̀, etí adágún pẹrẹsẹ ni, gbogbo ẹsẹ̀ ló lè rìn ín, àwọn ṣọ́ọ̀bù aago tó ń ké bí ẹyẹ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò á náwó. Omi Triberg ń já láti mítà 163, ní ìpele ìpele ni bíi ti Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà ẹ̀ náà sì ń gun òkè ni, ẹni tí ò bá lè gùn ún kó dúró nísàlẹ̀ kó wo ìpele tó kẹ́yìn. Tójò bá rọ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé aago ní Furtwangen. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní tiwọn, Europa-Park tó wà ní Rust ò jìnnà.

Ọ̀nà ibẹ̀ nìṣòro. B500 tó gba orí òkè láti Baden-Baden lọ sí Freudenstadt rẹwà o, ó sì kún fún kọ́nà, àwọn tí mọ́tò máa ń rú nínú ò ní gbádùn ẹ̀, iwájú ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, kẹ́ ẹ sì dúró ní adágún Mummelsee kí wọ́n gba atẹ́gùn. Ẹ tún rántí sọ fún àwọn tí kì í fẹnu kan ọtí pé kéèkì ṣẹ́rì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Black Forest, ọtí wà nínú ẹ̀, ọtí gidi. Tẹ́ ẹ bá ní Mùsùlùmí nínú èrò, níbikíbi tẹ́ ẹ bá yàn ní Jámánì, ẹ kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó dé, torí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde.

Bavaria

Èyí lorúkọ ẹ̀ tà jù, òun náà ló ń fa wàhálà jù fẹ́ni tó kó èrò. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ rí Neuschwanstein, ààfin tí Ọba Ludwig Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1869 tí kò parí títí ọba fi kú ní 1886. UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2025, èrò ò ní í dínkù níbẹ̀. Aago tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì lẹ gbọ́dọ̀ wọlé, tó bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Láti ibi tí bọ́ọ̀sì yín máa dúró sí ní Hohenschwangau, ìrìn òkè tó lé ní ìdajì wákàtí ni. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tó ń gbéni lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa rìn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀, tí yìnyín bá sì wà nílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin náà ò gbéni dé ẹnu ọ̀nà. Inú ààfin wá nìyẹn, àtẹ̀gùn tó lé ní 300 tẹ́ ẹ bá ka gígùn mọ́ sísọ̀, wọn ò sì gbà kéèyàn ya fọ́tò nínú ilé. Fún èrò tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi á jẹ́ kí wọ́n wo ààfin yẹn látìsàlẹ̀, kí wọ́n jẹun létí adágún Alpsee, ká wá gba Wieskirche lọ, ṣọ́ọ̀ṣì funfun àti góòlù kan láàárín pápá màlúù, èèyàn á wọlé á jókòó, kò sówó ìwọlé, kò sí òkè.

Ibi tí Bavaria ti borí gbogbo ìyókù lójú tèmi ni Königssee, nítòsí Berchtesgaden. Láti 1909 ni ọkọ̀ oníná mànàmáná ti ń ṣiṣẹ́ lórí adágún náà, kò pariwo, kò rú èéfín. Tó bá dé iwájú ògiri àpáta kan, ọ̀gá ọkọ̀ á dúró, á mú fèrè jáde, á fun ìlà kan, á gbé e kúrò lẹ́nu. Òkè á dá a lóhùn. Á tún fun òmíì, òkè á tún dáhùn. Àwọn màmá tó ti ń tàkúrọ̀sọ láti àárọ̀ á dákẹ́ lọ gbári, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ẹ tún ní owó ẹyọ lọ́wọ́ níbẹ̀ torí wọ́n máa ń gbé fìlà yí ká.

Owó ẹ̀ wá ńkọ́? Ó wọ́n jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Zugspitze, òkè tó ga jù ní Jámánì, mítà 2,962, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wáyà ẹ̀ nìkan lè jẹ owó oúnjẹ ọjọ́ méjì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀ kó tó gòkè. Ní òpin September sí ìbẹ̀rẹ̀ October, hòtẹ́ẹ̀lì Munich máa ń gbówó lórí burúkú torí Oktoberfest. Jíjìnnà ẹ̀ náà wà ńbẹ̀: láti Britain, mo fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Munich kí bọ́ọ̀sì Jámánì wá pàdé yín, ju pé kẹ́ ẹ jókòó sínú mọ́tò fọ́jọ́ méjì lọ, méjì bọ̀. Owó á fẹ́ dọ́gba tẹ́ ẹ bá yọ owó ibùsùn ojú ọ̀nà kúrò.

Fáwọn ìjọ, Oberammergau ni ìdí tó lágbára jù láti yan Bavaria. Ní 1633 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ará abúlé yẹn jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn á máa ṣe eré ìjìyà Jésù, wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní 1634, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ti 2020 sún sí 2022 nítorí kòrónà, 2030 ló kàn.

Harz

Agbègbè olókè yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ó sì yẹ kó wọ́pọ̀. Quedlinburg, Wernigerode àti Goslar, ìlú kéékèèké tí ilé onípákó àtijọ́ kún inú wọn, Quedlinburg nìkan lé ní 2,000 irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo ooru omi gbígbóná ń gun òkè Brocken lọ, mítà 1,141, ìjókòó lẹ máa fi dé orí òkè tí wọ́n ò jẹ́ kí ará ìlú dé títí di December 1989 torí ibodè Jámánì Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì rọjú, èrò ò pọ̀ tó ti Bavaria. Ẹ kàn sọ òótọ́ fún wọn ṣáájú: ọ̀gbẹlẹ̀ láti 2018 àti kòkòrò tó ń jẹ èèpo igi ti pa apá tó pọ̀ nínú igi ibẹ̀, ẹ máa rí òkè tí igi ẹ̀ dúró gbígbẹ. Òkúta ìgboro Quedlinburg náà le fún kẹ̀kẹ́ arọ. Láti Britain, ọ̀nà ẹ̀ jìn, ẹ sùn lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò gbọ́dọ̀ dúró dẹ̀yìn. Ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà kan náà tí Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ì báà ti gbé ní Britain fún ogún ọdún, owó ẹ̀ jẹ́ €90 fún àgbàlagbà láti June 2024, wọ́n sì ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Jámánì ni kí wọ́n kọ̀wé sí torí ibẹ̀ lẹ máa sùn jù, ẹ ò báà gba France àti Belgium kọjá. Ìwé adójútòfò ìlera (insurance) tó tó €30,000 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò ní í gba owó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò lè dá padà lọ́wọ́ ẹni tí físà ẹ̀ ò tíì jáde. Fáwọn tó ní páásípọ́ọ̀tù Britain, láti October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò ojú ní ẹnubodè, ẹ fi àyè kún aago yín ní Dover.

Tó bá wá jẹ́ pé àgbàlagbà ló pọ̀ jù, tó jẹ́ ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà lẹ ní, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kó èrò, Rhine ni, kẹ́ ẹ sùn sí Moselle, mi ò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé tó kó ọmọ dání àti ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì lè rìn, tí wọ́n fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, Black Forest ló tọ́ sí wọn, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ìlú tẹ́ ẹ máa sùn sí wà nínú ètò Konus kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tó ti dé Rhine rí tí owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé wọn lọ Harz, pàápàá nígbà ọjà Kérésì. Bavaria wà fún ẹgbẹ́ tó lówó, tó ní ẹsẹ̀, tó sì lè lo ọjọ́ mẹ́jọ ó kéré tán, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ìjọ tó ń lọ fún Oberammergau, ẹ kó àwọn àgbàlagbà yín lọ síyẹn torí ìjókòó ni wọ́n fi ń wò ó, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún pẹ̀lú ìsinmi oúnjẹ láàárín. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn ìjìyà Jésù nínú Bíbélì Yorùbá wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n dé nínú eré. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ àti ibùsùn ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ó sì máa ń tán ṣáájú ọdún náà, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀.